Òǹkà Ọrún Lójú Kàlẹ́ńdà Àjùmọ̀lò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kàlẹ́ńdà àjùmọ̀lò orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí Google gbé jáde ní ọdún 2006, ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa wo ètò kan náà. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọjọ́ 4 ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ ọrún ni à ń pè é, nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ná ọjà ọrọọrún lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ karùn-ún ni a ó tún ná an. Kàlẹ́ńdà kì í ka òní. Nítorí náà, 4 ni ó yẹ kí a kọ. Ẹni tí ó bá kọ 5, ọjọ́ ọjà rẹ̀ yóò máa fi ọjọ́ kan yẹ̀ sí i nígbàkúùgbà. Bákan náà ni ìtàdógún: 16 ni a ó kọ, kì í ṣe 17. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ àjùmọ̀lò, àṣìṣe ẹnìkan di ti gbogbo ọlọ́jà.

Ní èrò tiwa, títúmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú kàlẹ́ńdà sí Yorùbá nìkan kò tó. Ó yẹ kí ó béèrè bóyá òní wà nínú òǹkà, kí ó sì fi ọjọ́ ọjà tí ó kàn hàn kí a tó fi ètò pamọ́.