Bí A Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà Ilé Tọ́jú Ìwé Oko

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ìwé oko ni.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà lẹ́bàá ìlú Oǹdó tí mo máa ń bẹ̀ wò. Nígbà tí ọ̀nà tuntun fẹ́ gba inú oko kòkó wọn kọjá, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wá kí a lè ṣírò owó igi tí yóò ṣòfò. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ohun ọ̀gbìn rẹ̀ bí ìjọba bá gba ilẹ̀ náà. Bàbá ní ìwé, inú àpótí onígi lábẹ́ ibùsùn ni wọ́n kó o sí. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí náà, ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀. Ìwé kan péré ló yè, nítorí pé ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Àkúrẹ́ ti fi fóònù yà á rí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìwé yẹn wà fún kò pẹ́ tó fi yanjú. Ní ti ìyókù, odidi ọdún kan ni bàbá fi ń wá ẹlẹ́rìí kiri.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì? Títí di ọdún 1986 tí ìjọba àpapọ̀ fi pa Cocoa Board rẹ́, ọ̀dọ̀ àjọ kan ni ọ̀rọ̀ kòkó títà ń já sí. Lónìí, oníkálukú ló ń ra kòkó, oníkálukú ló sì ń já ìwé tirẹ̀ fún wa. Bákan náà, ní ọdún 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kó kòkó lọ sókè òkun ti ń béèrè ibi tí oko wà gan-an. Oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, èyí tó tó nǹkan bí éékà 10, nọ́ńbà ojú kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ààlà rẹ̀ ni a ó rìn yí ká. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi orí rántí.

1. Ohun tí ẹ nílò. Kọ̀ǹpútà kan, ì báà jẹ́ àlòkù tí ọmọ yín fi ṣe ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Fóònù tó ń ya fọ́tò. Àti fláàṣì méjì. Kò pọn dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń ya ìwé.

2. Bí a ṣe ń ya ìwé. Ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ní ojúmọmọ, kí òjìji yín má bọ́ sórí rẹ̀. Kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé hàn. Bí òǹtẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ya ẹ̀yìn náà. Ẹ ka fọ́tò náà kí ẹ tó kó ìwé kúrò. Bí nọ́ńbà kan kò bá ṣeé kà, ẹ tún un yà. Rìsíìtì wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ kékeré ń tẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbà á gan-an ni kí ẹ yà á, torí pé kì í pẹ́ tí lẹ́tà rẹ̀ fi ń parẹ́.

3. Ibi tí a ó kó wọn sí. Ẹ ṣí àpò mẹ́rin péré sínú kọ̀ǹpútà: ILE-OKO fún ìwé ilẹ̀ àti nọ́ńbà oko, KOKO-TITA, OOGUN-AJILE, àti EGBE fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ẹ bá kọ ILE lásán, ẹlòmíràn lè rò pé ilé tí à ń gbé ni.

4. Orúkọ tí a ó fún un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ fi ọdún ṣíwájú, kí oṣù àti ọjọ́ tẹ̀lé e, kí ẹ tó sọ ohun tó jẹ́, báyìí: 2025-09-07 koko kilo 186. Oṣù kẹsàn-án, 09 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe 9, kí ìwé lè tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, torí pé kọ̀ǹpútà lè ka koko àti kòkó sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má sì rí èyí tí ẹ ń wá.

5. Ẹ̀dà mìíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́, olè sì lè gbé e. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sí fláàṣì kan nílé, kí ẹ da á sí èkejì tí yóò wà lọ́dọ̀ ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní ìlú mìíràn. Bí ẹni tó wà ní Oǹdó bá fi tirẹ̀ sí Àkúrẹ́, iná tó bá jó ilé kan kò ní jó èkejì. Ẹ má kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì yín síbẹ̀ o.

6. Ìwé tí a kò gbọdọ̀ jù nù. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 84, gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ní kóòtù, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ mú ṣẹ. Nítorí náà, ìwé ilẹ̀, ìwé awọnlẹ̀ àti ìdájọ́ kóòtù, ẹ yà wọ́n, síbẹ̀ kí ẹ fi ọ̀rá wé wọn, kí ẹ kó wọn sínú agolo tó ní ìdérí. Rìsíìtì oògùn àti ti ajílẹ̀ ni ẹ lè jù nù lẹ́yìn tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wà níbi mẹ́ta.

Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí iná bá wà tàbí tí bátìrì bá kún. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ dárúkọ ìwé kan, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí i kí ẹ tó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣí fláàṣì náà wò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹnì kan mìíràn nínú ilé, ì báà ṣe ìyàwó tàbí ọmọ, mọ bí a ṣe ń ṣí i. Ìwé tí bàbá nìkan mọ ibi tó wà kò yàtọ̀ sí èyí tí ikán jẹ, lọ́jọ́ tí bàbá kò bá sí nílé.

Bí ó bá rú yín lójú, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò. Ìwé ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ire oko yóò kárí o.