Kíka Èémí Kì í Ṣe Àfọ̀ṣẹ

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì kan tó balẹ̀ sí Èkó, tó sì gba Ewékorò lọ ní tòsí Ìfọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ bá a lára rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Yaba, ara rẹ̀ yá. Ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn tó kó àrùn kan náà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò padà wálé. Ohun tó yẹ kó jẹ àwọn ará Magboro, Ìbafò àti Mowé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lógún ni pé ewu ikú kì í sábà dé láìfi àmì ránṣẹ́, owó kékeré la sì fi ń rí púpọ̀ nínú àmì náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Bìrìtéènì gbé òṣùwọ̀n ewu ikú kòrónà kan tí wọ́n pè ní 4C jáde. Àkọsílẹ̀ aláìsàn 35,463 tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ṣe é. Nǹkan 8 ló ń gba máàkì: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, iye àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, iye ìgbà téèyàn ń mí ní ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, bóyá iyè aláìsàn ṣì jí pépé, àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì. Àròpọ̀ wọn kò lè ju 21 lọ. Nínú àwọn tó gba 3 wálẹ̀, bí ẹnì kan péré nínú 100 ló kú; nínú àwọn tó gba 15 sókè, ó lé ní 60. Ẹ jẹ́ ká fi bàbá ẹni ọdún 72 kan tó ní àtọ̀gbẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ orí fún un ní 6, jíjẹ́ ọkùnrin 1, àtọ̀gbẹ 1. Bó bá ń mí nígbà 32 ní ìṣẹ́jú kan, 2 tún wọlé. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn bá ka 88, 2 mìíràn. Ó ti di 12 kí abẹ́rẹ́ tó kàn án lára, bí 31 nínú 100 ló sì kú ní ìsọ̀rí tí 12 wà. Ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò ní àìsàn mìíràn, tó ń mí bíi tirẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ka 88 fún, 5 péré ni tirẹ̀.

Ibi tí èyí ti kan Magboro nìyí. Ẹni tí yóò bá dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù tàbí Èkó, ojú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni yóò gbà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì mọ aláìsàn yàtọ̀. Bí a bá dúró títí ètè fi dúdú, ó lè ti bọ́ sórí. Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Nọ́ọ̀sì tó mọ máàkì wọ̀nyí á mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbéra.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ọjọ́ ikú. Òótọ́ ni, òṣùwọ̀n náà kò sì dárúkọ ọjọ́ kankan. Àwọn tí ìtọ́jú gbọ́dọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ wọn ló ń fi hàn. Àwọn mìíràn á ní ti òyìnbó ni, pé àwọn èèyàn wa kéré lọ́jọ́ orí. Iye ikú lè yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí tí Akin Osibogun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2021 lórí aláìsàn kòrónà 2,184 ní Èkó fi hàn pé nǹkan bí 3 nínú 100 ló kú, ikú sì pọ̀ jù láàárín àwọn tó ti ní àìsàn mìíràn tẹ́lẹ̀. Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹ̀rọ ìka. Ní ìparí 2020, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà rí i pé nígbà tí ẹ̀rọ náà ń sọ pé ọ́síjìn tó, kò tó ní bí 12 nínú 100 àyẹ̀wò àwọn aláwọ̀ dúdú, nígbà tó jẹ́ bí 4 fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Èémí kò mọ àwọ̀.

Nítorí náà, bí ikọ́ àti ibà bá dá àgbàlagbà ilé dùbúlẹ̀, ẹ wo àyà rẹ̀ nígbà tó bá sinmi, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan láìjẹ́ kó mọ̀. Bó bá tó 30, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.