Ìkòkò Ilé Ọtí, Ìkòkò Ìyá Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí bàálé yín bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó bu òkèlè méjì, tí ó sì ní òun ti yó, kí ni ó máa ń wá sí yín lọ́kàn? Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ó ń gbé ní Àpápá, bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú omijé. Èbúté ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣíwọ́, yóò yà sí Ajégúnlẹ̀ láti jẹ pẹ́pẹ̀súùpù ẹja ní ilé ọtí kí ó tó wá sílé. Owó ọbẹ̀ ilé ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn kò tíì pé oṣù méjì. Ó ní, "Mà, oúnjẹ àwọn ọ̀mùtí ti gba ọkọ mi."

Mo ní kí a jọ lọ wo ìkòkò náà. A lọ ní ọ̀sán, kí àwọn oníbàárà tó dé.

Ẹ̀yin náà mọ Ajégúnlẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ọbẹ̀ tirẹ̀. Urhobo ni obìnrin tí a bá nídìí ìkòkò, ìyá ọlọ́mọ bíi tiwa. Ó wo ọmọ tí ó wà lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún wa pé nígbà tí òun bí àkọ́bí òun, irú ọbẹ̀ yìí gan-an ni ìyá òun ń sè fún òun lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Láàárín àwọn ará Delta àti àwọn Ìgbò, oúnjẹ abiyamọ ni pẹ́pẹ̀súùpù jẹ́. Ilé ni ó ti jáde lọ sí ilé ọtí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìlú Ireland, níbi tí Guinness tí ó wà lórí tábìlì obìnrin náà ti ṣẹ̀ wá. Arthur Guinness bẹ̀rẹ̀ ìpọntí rẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1759. Ilé-iṣẹ́ náà sì dé Ìkejà ní ọdún 1962. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ọtí wọn kì í se oúnjẹ tà. Àwọn ìyá ni wọ́n ń fi iná pẹ̀lẹ́ se ẹran àgùntàn, àlùbọ́sà àti pòtétò tí a ń pè ní Áríṣì lọ́jà. Lónìí, ọbẹ̀ yẹn ti di ọjà ilé ọtí. Wọ́n tilẹ̀ ń da ọtí dúdú sí ọbẹ̀ ẹran màlúù.

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a gba ìkòkò wa padà.

Ẹ fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ ẹja àrọ̀ kílò kan kí yíyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò, kí ẹ sì gé e. Ẹ gbé omi ìgò bíà méjì kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà, atalẹ̀, ata gígún àti èèrù méjì tí ẹ fọ́ díẹ̀. Ẹ yan aríwó mẹ́ta, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní ehuru. Ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ dà á sí i. Bí ó bá hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kó ẹja sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ṣíbí rò ó, kí ó má baà fọ́. Ẹ mi ìkòkò nìkan. Ẹfinrin ni ó kẹ́yìn. Iyọ̀ díẹ̀ àti mágí kan ti tó, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣu sísè tàbí ìrẹsì ni kí ẹ fi jẹ ẹ́.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè dín ata rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya tàbí ibà bá ń ṣe é, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, kì í ṣe ìdí ìkòkò. Àwọn kan a sì máa sọ pé ọtí dúdú ń mú ọmú pọ̀. Ẹ má gbà á gbọ́: ọtí a máa dín omi ọmú kù, a sì máa bá a dé ẹnu ọmọ. Aláboyún pàápàá kò gbọdọ̀ mu ún rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi se ọbẹ̀ náà. Ó kọ́kọ́ bu tirẹ̀, nítorí òun ni ó ń fún ọmọ lọ́mú, kí ó tó bu ti ọkọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n jókòó ṣírò owó tí ń lọ sí Ajégúnlẹ̀ lóṣooṣù, nítorí ọbẹ̀ nìkan kò lè tún ilé ṣe bí a kò bá sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń yà síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì láti rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ilé ni ó ti ń jẹun, owó ọbẹ̀ sì ti padà bọ̀ sípò.