Ọkọ̀ tòkunbọ̀: Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Ọmọ tí wọ́n bá bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wálé ni Yorùbá ń pè ní Tòkunbọ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, orúkọ ọmọ yìí náà ni a fi sọ wọ́n. Orúkọ náà sì bá wọn mu, nítorí ọmọ tó ti òkun bọ̀ kì í ṣàìgbé ìwà ibi tó ti wá dání. Òtútù tó pa ọkọ̀ nílùú òyìnbó, iyọ̀ tó tẹ̀ lójú títì, àti bí ẹni tó kọ́kọ́ rà á ṣe tọ́jú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a gúnlẹ̀ sí èbúté. Ohun kan ṣoṣo ni kì í sábà bá a wá: wáràńtì, ìyẹn àdéhùn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá ẹni tó rà á ní tuntun ṣe pé bí ó bá yọnu láàárín iye ọdún kan, àwọn yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn èèyàn wa. Ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra Sienna kó lè máa fi kó èrò, kò ní owó ìfẹ̀yìntì mìíràn tó ń bọ̀. Àgbẹ̀ tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra ọkọ̀ tí yóò máa kó kòkó rẹ̀ wọ ìlú, yóò san owó náà padà, ọkọ̀ ìbáà ṣiṣẹ́, ìbáà má ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, owó ọkọ̀ ti fò sókè débi pé ẹni tó bá ra èyí tí kò dára, ó lè má rí òmíràn rà mọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ béèrè. Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé gbára lé? Ṣé ìpẹtà kò tíì jẹ ẹ́ lára? Bí ó bá dákú, ta ni yóò dá wa lóhùn? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ó ní kí wọ́n ta á, a ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, bí ó bá ti ń dún bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ, a ó ka owó sílẹ̀.

LÁYÉ ÌJÀPÁ ÀTI PIJÓ

Àwọn àgbà kò ní í gbàgbé bí nǹkan ṣe rí nígbà kan. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà sì ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìjàpá tí gbogbo ayé mọ̀ kò ní radiétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì náà wà, iwájú ni búùtù. Pijó 504 ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù ọ̀nà oko.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lágbára nìkan ló fọkàn àwọn onímọ́tò balẹ̀. Tuntun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà wọ́n. SCOA ló ń ta Pijó, Mandilas ló ń ta Volkswagen, R.T. Briscoe ń ta Toyota. Ẹni tó bá rà á mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn bí ìṣòro bá dé. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Tòkunbọ̀ gba ipò rẹ̀. Kì í ṣe pé ọkọ̀ rere tán láyé, ilẹ̀kùn tí à ń kàn ló di títì.

IYỌ̀ OJÚ TÍTÌ

Irin, omi àti atẹ́gùn ló ń pàdé tí irin fi ń dípẹtà. Bí iyọ̀ bá wọ̀ ọ́, ìpẹtà á yára ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, kí ọkọ̀ má baà máa yọ̀. Omi iyọ̀ náà ni táyà ń ta sábẹ́ ọkọ̀, tí ó ń sá pamọ́ sínú ihò àti oríkèé irin, tí ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n lè ti kun ara rẹ̀ lọ́dà kí ó máa dán. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ tó lórúkọ kò lè rí bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ èyí. Ní 2008, Toyota fúnra rẹ̀ gbà pé ṣáásì àwọn Tacoma tí wọ́n ṣe láàárín 1995 sí 2000 ń jẹra. Ó fa wáràńtì ìpẹtà wọn gùn dé ọdún 15, ó sì ń ra àwọn tó ti bàjẹ́ jù padà ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tí wọ́n tó lọ́jà. Ní 2016, ilé iṣẹ́ náà tún gbà láti parí ẹjọ́ mìíràn lórí ṣáásì àwọn Tacoma ọdún 2005 sí 2010, pẹ̀lú àwọn Tundra àti Sequoia kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lè ná an tó bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ dọ́là, ó dín díẹ̀.

Sienna tó kún ojú ọ̀nà wa náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Toyota pe nǹkan bí 600,000 Sienna ọdún 1998 sí 2010 padà ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó tutù, tí wọ́n tó 20. Okùn irin tó gbé táyà àfirọ́pò dúró sábẹ́ ọkọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ, tí táyà náà fi lè já sílẹ̀ lójú títì níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọkọ̀ tó wá láti Florida tàbí Texas kò mọ iyọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òun náà ní ewu tirẹ̀. Ìjì ńlá máa ń kó omi wọ ọkọ̀ níbẹ̀, bí Katrina ti ọdún 2005 àti Harvey ti 2017. Ọkọ̀ tí omi ti mù lè dára lójú, kí wáyà inú rẹ̀ máa jẹra lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Nílé níbí náà, ẹni tó ń gbé lẹ́bàá òkun, láti Lẹ́kí títí dé Àgbádárìgì, mọ bí atẹ́gùn òkun ṣe ń fi iyọ̀ pa páànù òrùlé. Ohun tó ń jẹ páànù kò ní í ṣàìjẹ mọ́tò.

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, wọ abẹ́ rẹ̀. Ìpẹtà pupa tó rọra bò ó lójú bí ìyẹ̀fun kò tíì bàjẹ́ púpọ̀, ó ṣeé há kúrò. Èyí tó ń ṣí bí èèpo igi, tàbí tó ti dá ihò sí ṣáásì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kí ẹ fi òòlù kékeré kan án: irin tó yè máa ń dún gangan, èyí tó ti jẹra a dún bọ̀bọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi bò. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ẹ wo ibi tí táyà àfirọ́pò ń gbé, ẹ fọwọ́ ra etí ilẹ̀kùn nísàlẹ̀.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí: ẹ́ńjìnnì tó kú, a lè rí òmíràn rà ní Ládiípọ̀ ní Mushin, kí a gbé e sí i. Ṣáásì tó ti jẹra kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, táyà àti èrò inú ọkọ̀ dúró lé. Bí wọ́n bá jó o pọ̀ níbi tí kò ti sí irin gidi mọ́, ibẹ̀ náà ni yóò ti tú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò.

ẸNJÌNNÌ TÓ LÓRÚKỌ

Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì Toyota lórúkọ rere, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọdún ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so bákan náà. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Camry àti Sienna kan tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2002, ọ́ìlì máa ń dì bí ẹrẹ̀, a sì dí ọ̀nà tó yẹ kí ó gbà. Ní 2002, ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí láti tún irú wọn ṣe fún ọdún mẹ́jọ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà wọ́n. Camry ọdún 2007 sí 2009, ara èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle nílẹ̀ yìí, tó ń lo ẹ́ńjìnnì olítà 2.4, ní ìṣòro tirẹ̀: ó ń mu ọ́ìlì. Ní 2015, Toyota gbà láti máa pààrọ̀ ríìngì inú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ọkọ̀ náà kò bá tíì ju ọdún mẹ́wàá tàbí 150,000 máìlì lọ.

Nítorí náà, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wo ọkọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ta á sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Èéfín aláwọ̀ búlúù lẹ́nu sàlẹ́ńsà túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì wò bóyá ẹrẹ̀ ti dì síbẹ̀. Ẹ ṣí radiétọ̀ nígbà tó ṣì tutù: bí omi rẹ̀ bá pọ́n bí omi ẹrẹ̀ odò, ìpẹtà ti wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Àwa náà máa ń dá kún un. Àwọn mẹkáníìkì wa kan a yọ thermostat sọnù, ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó, wọn a sì ní kí a máa bu omi lásán sí i dípò kúláǹtì. Omi lásán ló ń mú kí irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, kúláǹtì ní oògùn tó ń dènà rẹ̀. Epo bẹntiróòlù náà ń ṣe tirẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́.

WÁRÀŃTÌ TÓ ṢẸ́KÙ SÍ Ẹ̀YÌN ÒKUN

Ẹ wo àwọn ìlérí tí a kà sókè yìí. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ra ọkọ̀ ni wọ́n sì ti ń ka ọdún rẹ̀. Tacoma ọdún 2000 tó ní ọdún 15, ọjọ́ rẹ̀ ti pé láti nǹkan bí 2015. Bí tòkunbọ̀ bá fi máa dé, ọdún ìlérí ti tán tàbí ó ku díẹ̀ kó tán, kò sì sí ẹni tí a ó mú un bá níbí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ sọ fún un kó tẹ nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ NHTSA, tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò rí i bóyá wọ́n ti pe irú ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọkọ̀ tí kò bá ju ọdún 15 lọ. Kí wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ l'Ápápá, ó ti bọ́.

Nọ́ńbà náà jẹ́ 17. Fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ ka a dé ìkẹwàá: 1 sí 9 dúró fún 2001 sí 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, C jẹ́ 2012. Bí ẹni tó ń tà á bá pe ọkọ̀ 2008 ní 2011, nọ́ńbà yóò tú u fó.

Òfin tiwa náà kò dákẹ́. Láti 2019 ni òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ ti wà. Ó ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù sọ ọ́ gbangba pé àlòkù ni, kó fún oníbàárà ní rìsíìtì, kí ọjà náà sì dára tó fún iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá àjọ náà. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi hàn wọ́n? Ìlérí ẹnu pé "ẹ́ńjìnnì àti gíà dára" kò ṣeé mú lọ síbì kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì: nọ́ńbà ṣáásì, ti ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye tó ti rìn, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà bí ẹ́ńjìnnì tàbí gíà bá yọnu. Oníṣòwò tó kọ̀ láti kọ ohun tó fi ẹnu sọ ti dáhùn ìbéèrè kẹta nìyẹn.

Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe é fún tó ra tuntun, kó ka ìwé wáràńtì rẹ̀ dáadáa. Wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí ó máa ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ náà lásìkò, ní ibi tí àwọn fọwọ́ sí, kó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí kò bá ti sí ìwé yẹn, wọ́n lè ní àdéhùn ti bàjẹ́.

Owó tí ẹ ó san fún mẹkáníìkì kan kó tẹ̀lé yín lọ wo abẹ́ ọkọ̀ kò tó nǹkan kan lára owó ọkọ̀. Ẹ san án. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó ka owó, òun ni yóò máa wà á lọ síbi tó ń lọ.