Ìkòkò Aró Kò Mọ Ìkánjú

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹjọ́ kan wà tí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kò yé rò fún wa, pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ òde òní kò ní sùúrù. Kò tíì lo ọdún kan tí yóò fi máa béèrè ọjọ́ tí òun yóò gba fírídọ́ọ̀mù. A kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé sùúrù gan-an ni kò yé tọ̀gá tọmọ. Wọ́n rò pé kí ènìyàn káwọ́ gbera, kí ó máa retí ọjọ́ ni.

Ẹ wo iṣẹ́ aró tí Òṣogbo fi lókìkí. Ìtàn ìlú náà pàápàá kò ṣẹ̀yìn rẹ̀: wọ́n ní nígbà tí àwọn tí ó tẹ ìlú dó gé igi lu odò, Ọ̀ṣun ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Aláró a gún ewé èlú tútù nínú odó, a ṣù ú, a sá a gbẹ. A kó eérú sínú ìkòkò tí a dá lu nídìí, a da omi lé e, omi náà a sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni yóò fi rẹ èlú. Ó di ìdúró ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n aláró kò sùn. Ojoojúmọ́ ni ó ń ṣí ìkòkò, tí ó ń rò ó, tí ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí aró tí kò tíì tó kò ní mú aṣọ, èyí tí ó sì kọjá àkókò ti bàjẹ́. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró. A ó tún rì í, a ó tún sá a, títí yóò fi dúdú dé ibi tí a fẹ́.

Òwò àwọn Ìjẹ̀ṣà rí bákan náà. Nígbà ayé àwọn baba wa, wọn a di ẹrù aṣọ, wọn a tà á láwìn kiri ìlú onílùú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní àwọn kò dìde títí owó yóò fi jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáàlò. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò jókòó; ẹni tí ó lóṣòó kò sinmi. (Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń retí ipò ní ọjọ́ kejì ìdìbò ì bá kọ́ ìlóṣòó díẹ̀.) Ní Iléṣà kan náà, ọdún 1971 ni Olóyè Lawrence Omole fi orúkọ ilé iṣẹ́ ọtí International Breweries sílẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni ọtí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀gá tí ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ pọnmi fún ọdún kan gbáko, tí ó ní sùúrù ni òun ń kọ́ ọ, kò kọ́ ọ ní ohunkóhun. Iṣẹ́ ni kí ó fi hàn án, kí ọmọ náà lè mọ ohun tí ó ń dúró dè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, ti kún ọjà wa, owó rẹ̀ sì kéré. A kò lè bá ẹ̀rọ sáré. Ọwọ́ tí a ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ nìkan ni ó kù fún wa. Níke Òkúndayé mọ èyí, ó sì dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láìgba owó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má wulẹ̀ kọ sùúrù sójú pátákó. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ aláró, kí ẹ sì tún padà kó wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì láti wo ìkòkò kan náà.