Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í ṣe ìdajì kẹ̀kẹ́

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tí mo ṣe. Kò tíì rìn ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ tó fi ṣubú sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ òsì gbalẹ̀, egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ọ̀sẹ̀ 6 gbáko ni ọwọ́ náà fi wà nínú POP.

Ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe pé àbúrò mi kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn o. Ohun tí mo gbé fún un ló ṣòro gùn gan-an. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan wà.

Ohun tí mo ṣe

Mo ní kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti rọ. Mo wá sọ fún ara mi pé ṣebí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, tí a bá yọ ẹsẹ̀ kan kúrò, ó di ẹlẹ́sẹ̀ kan nìyẹn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà àdúgbò wa. Ó gé iwájú rẹ̀ dànù, ó sì jó ìyókù pọ̀ lóòró: ìjókòó wà lókè, pẹ́dà wà lábẹ́ ìjókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ṣéènì sì so pẹ́dà mọ́ ọn. Ó dáa lójú. Àbúrò mi ti gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp kó tó gùn ún pàápàá.

Igi mọ́pù lórí àtẹ́lẹwọ́

Ẹ mú igi mọ́pù kan, kí ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí àtẹ́lẹwọ́ yín. Tó bá fẹ́ ṣubú síwájú, ẹ ó sáré gbé ọwọ́ síwájú. Tó bá fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, ẹ ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Igi náà kò fìgbà kan dúró jẹ́ẹ́. Ẹ kàn ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé orí rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ń ṣe nìyẹn. Ara rẹ̀ ni igi mọ́pù, táyà ni àtẹ́lẹwọ́, pẹ́dà sì ni apá tó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lọ, tó tún ń gbé e bọ̀. Gbogbo ìgbà ló ń ṣubú, gbogbo ìgbà náà ni táyà ń sáré wá sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbé mọ́pù sílẹ̀, kí ẹ mú bírò. Ṣé ẹ rí i pé kò ṣe é gbé dúró rárá? Ohun tó kúrú máa ń yára ṣubú ju ohun tó gùn lọ. Tí igi mọ́pù bá gùn ju bírò lọ ní ìlọ́po 8, àkókò tí ẹ máa ní láti gbà á là máa fi nǹkan bí ìlọ́po 2.8 ju ti bírò lọ. Ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ga kì í yára ṣubú bíi kúkúrú. Ibi tí ẹ máa já bọ́ sí ló jìn jù ni.

Ohun tó kán ọwọ́ àbúrò mi

Ẹ padà wo igi mọ́pù yẹn. Ká ní wọ́n ní ẹ lè gbé ọwọ́ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn láéláé. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé igi yẹn dúró?

Ohun tí mo ṣe fún àbúrò mi gan-an nìyẹn. Lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni fíríwíìlì wà. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè dá ẹsẹ̀ dúró lórí pẹ́dà nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí yóò máa dún tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀. Tí ẹ bá wa pẹ́dà síwájú, eyín inú rẹ̀ á há, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á yí. Tí ẹ bá wà á sẹ́yìn, eyín náà á yọ̀, pẹ́dà á kàn máa yí lásán ni. Lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, adùn ni. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ kan, ikú ni.

Àbúrò mi wa pẹ́dà síwájú, táyà sáré síwájú, ara rẹ̀ wá kù sẹ́yìn. Ó tẹ pẹ́dà padà kí táyà lè dúró dè é. Pẹ́dà yí lásán, táyà ń bá tiẹ̀ lọ. Ó di ilẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìta wa, wọ́n kàn yí pẹ́dà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ni. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bíréèkì ẹ̀ dà?" Mo dákẹ́.

Bó ṣe yẹ kó rí

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ kò ní ṣéènì, kò ní fíríwíìlì. Irin kan ṣoṣo ló gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Irin yìí kò yí lọ́tọ̀, òun àti họ́ọ̀bù tí sípóòkì so mọ́ ti di ọ̀kan. Kíráǹkì méjèèjì ni wọ́n kàn mọ́ ẹnu irin náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ́dà sì wà ní orí kíráǹkì. Bíárìǹ wà láàárín họ́ọ̀bù àti kíráǹkì, lápá méjèèjì, orí bíárìǹ wọ̀nyí sì ni ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì tó gbé ìjókòó dúró sí.

Nítorí náà, bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà yí lẹ́ẹ̀kan. Bí pẹ́dà bá dúró, táyà dúró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó lọ sẹ́yìn. Pẹ́dà kan náà ni ẹ́ńjìnnì, òun náà ni bíréèkì. Àwọn gíga kan wà tí wọ́n ń lo ṣéènì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣéènì tiwọn kì í yọ̀ sẹ́yìn.

Ìṣirò díẹ̀

Táyà tó fẹ̀ ní íǹṣì 20 láti etí dé etí máa ń rin nǹkan bí mítà 1.6 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá wà á nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, eré yín kò ju kìlómítà 5.7 ní wákàtí kan lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á bá yín dọ́gba! Táyà íǹṣì 36 á rin mítà 2.87, eré náà á sì ju kìlómítà 10 ní wákàtí lọ. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ ní Yúróòpù tóbi gọbọi: ara ẹsẹ̀ yẹn ni pẹ́dà wà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà sáré ju pé kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá.

Àmọ́ ńlá ní owó tó ń gbà. Ká ní ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 70 ló wà lórí ẹ̀, tí ara rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú ní dígírì 5 péré. Tí kíráǹkì bá gùn ní mìlímítà 125, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ pẹ́dà bíi pé ó gbé ẹrù nǹkan bí kìlógíráàmù 12 lé e, kí ìtẹ̀ náà má baà pọ̀ sí i. Lórí táyà íǹṣì 36, pẹ̀lú kíráǹkì kan náà, ẹrù yẹn di 22. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn, ẹ lo kíráǹkì tó gùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín á máa yí òbìrípo tó tóbi, eré á sì ṣòro.

Ọmọ Switzerland kan, Florian Schlumpf, wá ọgbọ́n dá sí i. Ó ki jíà sínú họ́ọ̀bù. Bí ẹ bá fi gìgísẹ̀ ta bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíráǹkì, táyà á máa yí lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ fún ìyípo pẹ́dà kan. Táyà íǹṣì 36 á wá máa rìn bíi ti íǹṣì 54. Síbẹ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kì í yọ̀.

Ohun méjì tó kù

Àkọ́kọ́: nígbà tí kíráǹkì bá dúró lóòró, tí pẹ́dà kan wà lókè, tí èkejì wà nísàlẹ̀, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tó, táyà ò ní yí. Ìgbà tí ó bá sùn gbalaja ni agbára pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kan ni ẹ máa ń kọjá ibi tí ẹ kò ti ní agbára rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń kọ́ ọ kò fi gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀.

Èkejì: pẹ́dà òsì máa ń ní okùn òdì, ìyẹn ni pé apá òsì lẹ máa yí i sí kó tó há. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìyípo má baà tú u. Nígbà tí mo wá ra ẹlẹ́sẹ̀ kan gidi, pẹ́dà rẹ̀ ń tú ṣáá. Mo fún un títí ó sú mi. Bàbá yẹn ló tún fi lẹ́tà L àti R hàn mí lórí kíráǹkì: mo ti yí ìjókòó sí ẹ̀yìn, òsì ti di ọ̀tún. Mo yí ìjókòó padà, ó tán.

Ọwọ́ àbúrò mi ti san báyìí. Ó ń gun èyí tí mo rà, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n gùn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé irin kankan dání, tí mo ní mo fẹ́ fi ṣe nǹkan, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti ṣírò ẹ̀ ṣá?"