Kọ̀ǹpútà Àgbà Nínú Oko Àáró

Kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ darúgbó. Sáfà tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi owó gọbọi rà, bí ọdún mẹ́wàá bá fi máa yí po, ẹni tí yóò bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, àwọn kan wà tó ń gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, pàápàá èyí tí processor inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá ti ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á tò wọ́n sí yàrá kan, wọ́n á so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ fún àjèjì láti máa ti òkèèrè wọlé fi wọ́n kọ́ sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé lè rò pé àìrówó-ra-tuntun ló fà á. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ: ẹ̀rọ àtijọ́ tí a jọ ń lò máa ń tú àṣìṣe tí ẹ̀rọ tuntun ń bò mọ́lẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ náà rí.

Ohun tí ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwìà bá kọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ. Àfi kí ètò kan túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ. Ọ̀kan lára àwọn atúmọ̀ tó lókìkí jù ni GCC, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1987, òun ni wọ́n sì fi ń túmọ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, títí di òní. Sọ́fítíwìà ńlá lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, nítorí náà ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ní processor púpọ̀, ńṣe ni wọ́n á pín fáìlì náà bí ìgbà tí àgbẹ̀ mẹ́rin wọ oko kan, tí kálukú dojú kọ poro tirẹ̀. Ní ọdún 2005, ìwọ̀nba sáfà àlòkù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní processor Pentium III méjì ni wọ́n fi dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fún àwọn tó ń tún GCC ṣe. Oko ni wọ́n pè é: GCC Compile Farm. Nígbà tó yá, ẹ̀yà mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn: SPARC tó pilẹ̀ lọ́dọ̀ Sun, POWER ti IBM, ARM àti MIPS. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà gba àwọn kan lára wọn sílé. Ẹni tó bá ń kọ sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ lè tọrọ àyè níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àáró gan-an nìyí. Nínú àáró, bí ẹgbẹ́ bá bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà á bá ẹlòmíràn kọ tirẹ̀ lọ́la. Níbí, àtúnṣe kóòdù ni wọ́n fi ń san án: ẹni tó lo ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ á gbé èso iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé.

Bó bá ṣe pé eré sísá nìkan là ń wá, oko yìí ì bá ti dìgbòrò. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lónìí yóò fi sáfà ọdún 2005 sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ohun tó ń mú kí àwọn àgbà ẹ̀rọ wọ̀nyí níyì ni pé ìwà wọn yàtọ̀. Ká fi nọ́ńbà 1960 ṣe àpèjúwe. Processor Intel á kọ́kọ́ fi 60 pamọ́ kó tó kan 19; SPARC àtijọ́ á kọ́kọ́ fi 19 pamọ́ kó tó kan 60. Ẹni tó bá kọ ètò rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹ̀rọ ló ń kà bíi tirẹ̀ kò ní mọ̀ pé òun ṣì í, títí ọjọ́ tí ètò náà bá dé orí SPARC. Bákan náà, bí ètò bá lọ ka nọ́ńbà láti ibi tí kò yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́mórì, Intel sábà máa ń gbójú fò ó, ṣùgbọ́n SPARC á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àgbà tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ ni, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni kì í sì í tán nídìí rẹ̀.

Níbi tí processor bá ti ju ẹyọ kan lọ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kan ń bu oúnjẹ sáwo, tó sì lu agogo pé oúnjẹ ti délẹ̀. Èkejì gbọ́ agogo, ó sáré dé ìdí àwo, ó bá a lófìfo. Agogo ló ṣáájú oúnjẹ dé etí rẹ̀. Irú èyí ṣọ̀wọ́n lórí Intel, nítorí ó máa ń pa ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohun tí processor kọ sí mẹ́mórì mọ́ dáadáa. Alpha tí ilé-iṣẹ́ DEC gbé jáde ní ọdún 1992 ni kì í pa á mọ́ jù lọ. DEC fi ẹ̀rọ Alpha kan ran Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, lọ́wọ́, nígbà tó sì di 1995, Linux 1.2 ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí ẹ̀rọ ọlọ́pọ̀ processor irú èyí ni àwọn tó ń kọ Linux ṣe fi odi sí àwọn ibi tí agogo ti lè ṣáájú oúnjẹ. HP, tí Alpha bọ́ sí lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, ò tà á mọ́ láti ọdún 2007. Ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù oní-ARM tó ní processor méjì nínú wọ ọjà ní 2011, àwọn odi náà ti wà nílẹ̀, nítorí ARM náà kì í tẹ̀ lé ìtòlẹ́sẹẹsẹ bíi ti Intel. Ẹni tó ń lo Android lónìí ń jẹ nínú làálàá tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀rọ tó ti kógbá sílé.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn ò lo ètò afarawé bíi QEMU, tí Fabrice Bellard gbé jáde ní 2003, tó lè mú kí kọ̀ǹpútà tuntun ṣe bí SPARC tàbí ARM. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, QEMU sì ń tú àṣìṣe púpọ̀. Àmọ́ bó bá ń ṣiṣẹ́ lórí Intel, orí ìtòlẹ́sẹẹsẹ mẹ́mórì ti Intel ló dúró lé bó ṣe ń fara wé wọn. Agogo rẹ̀ kì í ṣáájú oúnjẹ, nítorí náà àṣìṣe tí ARM gidi máa tú lè pa mọ́ síbẹ̀. Àtakò owó iná mànàmáná ló wúwo jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, OpenBSD, iṣẹ́ sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ kan tó ń kó onírúurú ẹ̀rọ àtijọ́ jọ ní ìlú Calgary ní Kánádà, figbe ta pé owó iná tó tó 20,000 dọ́là lọ́dún lè ti ilẹ̀kùn àwọn. Àwọn tó ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ wọn ló dá owó náà. Lójú tèmi, ọ̀ràn yìí gan-an ló fi ìdí àjọlò múlẹ̀: bí olúkúlùkù bá gbé SPARC sílé, iná á jó nílé gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè sin ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ewu ààbò náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ẹnì kan jí ọ̀rọ̀ aṣínà olùkọ sọ́fítíwìà kan nínú Debian, ẹgbẹ́ tó ń pín Linux lọ́fẹ̀ẹ́, ó gba ibẹ̀ wọ sáfà wọn, ó sì fi àlàfo inú Linux gba agbára lórí wọn. Ibi tí èrò ń wọ̀ náà ni olè ń gbà wọlé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ká má ṣe fi ẹ̀rọ àjọlò tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ká sì máa yẹ iṣẹ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde wò. Láti ọdún 2013 ni Debian ti ń ṣiṣẹ́ kí kóòdù kan náà, bí ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀, lè bára mu látòkèdélẹ̀ láìyẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ọ̀kan, ìyàtọ̀ á hàn.

Èyí kò sọ pé gbogbo irin àtijọ́ ló yẹ ká tọ́jú. Debian yọ ẹ̀yà processor m68k kúrò nínú àtẹ̀jáde 4.0 ní ọdún 2007, OpenBSD jáwọ́ lára ẹ̀rọ VAX nígbà tí 6.0 jáde ní 2016, wọn kò sì jẹ̀bi. Èyí tó yẹ ká fi iná sí ni ẹ̀rọ tí ìwà rẹ̀ ṣì yàtọ̀, tó ṣì ní ẹni tó ń tún un ṣe, tí èrò sì ṣì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Èyí tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n kó o fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu kò nílò owó SPARC kó tó mọ bí iṣẹ́ òun ṣe máa ṣe lórí rẹ̀. Kó kọ̀wé tọrọ àyè nínú oko náà, kó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Tí àáró bá sì kàn án, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n wá a tì.